Bí Iléeṣẹ́ Sọ́fítíwíà Ṣe Lè Yan Ìwé-Àṣẹ fún Kóòdù Tó Ṣí Sílẹ̀

Kí ẹ tó gbé kóòdù iléeṣẹ́ yín síta gẹ́gẹ́ bí open source (kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè rí, lò, tún ṣe, kí ó sì pín kiri), ẹ kọ́kọ́ jókòó dáhùn ìbéèrè méjì: ta ni yóò sanwó fún yín, kí sì ni yóò máa sanwó lé lórí nígbà tí kóòdù fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí iléeṣẹ́ mú ìwé-àṣẹ tó bá ṣáà gbajúmọ̀ lò, kí ó wá máa wá ọ̀nà owó kiri lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àṣẹ tí a ti fún aráyé lórí ẹ̀dà tó ti jáde kò ṣeé gbà padà.

Ọ̀nà owó mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù. Red Hat ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá fún ìtọ́jú àti àtúnṣe Linux tí wọ́n ń lò, IBM sì ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 dọ́là ní ọdún 2019. GitLab, tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ kóòdù, fi apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ta àwọn àfikún tí iléeṣẹ́ ńlá nílò. MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ní tirẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní kóòdù lábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL (a ó ṣàlàyé rẹ̀ níwájú), ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó o pọ̀ mọ́ ọjà tí kò fẹ́ ṣí kóòdù rẹ̀ síta yóò ra ìwé-àṣẹ mìíràn. Ọ̀nà kẹrin ni kí ẹ máa bá oníbàárà gbé e ṣiṣẹ́ lórí sáfà tiyín (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn), kí ó máa san owó oṣooṣù.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó yan ìwé-àṣẹ. Ìwé-àṣẹ MIT àti Apache 2.0 gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo kóòdù, láti yí i padà àti láti tà á, láì jẹ yín ní gbèsè kóòdù kankan. GPL le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá pín ẹ̀dà tó ti tún ṣe gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀ tẹ̀ lé e lábẹ́ GPL kan náà. Ihò kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹni tó gbé e sórí sáfà rẹ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó láti ọ̀nà jíjìn, kò pín ẹ̀dà kankan fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà GPL kò dè é láti fi kóòdù rẹ̀ síta. AGPL ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní 2007, ni wọ́n fi dí ihò náà.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà kẹrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Iléeṣẹ́ Elastic fi Elasticsearch, ètò tó ń wá nǹkan láàárín ọ̀pọ̀ dátà, síta lábẹ́ Apache 2.0. Ní 2015, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí sáfà tirẹ̀, ó sì di pé ẹni tó kọ kóòdù àti ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ jọ ń du oníbàárà kan náà. Ní 2021, Elastic yí padà sí SSPL (ìwé-àṣẹ kan tó le ju AGPL lọ) àti ìwé-àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, èyí tí àjọ Open Source Initiative, tó ń yẹ irú ìwé-àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò, kò ka ìkankan nínú wọn sí open source. Amazon mú ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn lábẹ́ Apache, ó sì sọ ọ́ ní OpenSearch. Ní ti kóòdù, lójú tèmi, Amazon kò ṣẹ̀; ohun tí ìwé-àṣẹ gbà á láyè láti ṣe ló ṣe. Ní 2024, Elastic wá fi AGPL kún àwọn ìwé-àṣẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ AGPL ti wà nílẹ̀ kí Elasticsearch tó dáyé.

Ẹ tún wo ẹni tó ni kóòdù. Ará ìta tó bá fi ìlà díẹ̀ kún un ló ni ìlà wọ̀nyẹn. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe bíi MySQL gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù rẹ̀ sórí ìwé tó gba iléeṣẹ́ láyè láti ta kóòdù rẹ̀ lábẹ́ ìwé-àṣẹ mìíràn, kí ó tó gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jọ ni Linux, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè dá mú un kúrò lábẹ́ GPL ẹ̀dà kejì.

Iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Ẹ da ìwé-àṣẹ náà kọ ní odindi sínú fáìlì tí ẹ pè ní LICENSE, kí ó wà lójú ọ̀nà níbi tí kóòdù wà. Kóòdù tí kò ní ìwé-àṣẹ kì í ṣe ti gbogbo ayé o; òfin kò gba ẹlòmíràn láyè láti máa pín in kiri.

Ní ti orúkọ, Apache 2.0 sọ ọ́ gbangba pé òun kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ọjà, nítorí náà ẹ lọ fi orúkọ tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Orí orúkọ Elasticsearch ni Elastic ti pe Amazon lẹ́jọ́ ní 2019. Nígbà tí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2022, ọjà Amazon ti ń jẹ́ OpenSearch.