Rírán Kóòtù Kápútéènì Rachel Garrett, Ọ̀gá Ọkọ̀ Enterprise-C

Inú Star Trek: The Next Generation, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rin òfúrufú lọ́jọ́ iwájú, ni kóòtù yìí ti wá, nínú ìpín tí wọ́n pè ní “Yesterday's Enterprise”, tó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kejì ọdún 1990. Lọ́dún 2344, ọkọ̀ Enterprise-C ń gbèjà àwọn Klingon lọ́wọ́ àwọn Romulan (ẹ̀yà méjì tí kì í ṣe ọmọ ayé) ní Narendra III, ló bá já sínú ihò àkókò, ló bá bọ́ sí ọdún 2366. Bí kò ṣe sí lójú ìjà mọ́ yìí, ìtàn gba ọ̀nà mìíràn. Klingon àti Federation, ìjọba tó ni ọkọ̀ Enterprise, ti ń bá ara wọn jagun tipẹ́, ọkọ̀ Picard, ọ̀gá Enterprise ti ọdún 2366, ti di ọkọ̀ ogun, Picard fúnra rẹ̀ sì sọ fún ọ̀gá Enterprise-C pé ó ṣeé ṣe kí àwọn túúbá láàárín oṣù 6. Rachel Garrett ni ọ̀gá ọkọ̀ àlejò yìí, Tricia O'Neil ló sì ṣe é. Òun ló gbà pé kí ọkọ̀ òun padà síbi tí ikú ti ń dúró dè wọ́n, kí ìtàn lè tọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń rán jákujàku fún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ aránṣọ ti ń ṣìnà ni pé fọ́tò Kirk, ọ̀gá Enterprise àtijọ́, ni wọ́n ń wò rán an. Lóòótọ́, ìdílé kan náà ni kóòtù méjèèjì: Robert Fletcher ló ya irú rẹ̀ fún fíìmù Star Trek ti ọdún 1982. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn Garrett, wọ́n ti yọ nǹkan méjì kúrò nínú rẹ̀: bẹ́líìtì, àti ẹ̀wù funfun tí ọrùn rẹ̀ ga tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi bẹ́líìtì sí i, Kirk lẹ rán. Ẹ wo ìpín náà fúnra rẹ̀, ẹ dá a dúró níbi tí obìnrin náà bá ti kọjú síni, kí ẹ sì máa rán láti ibẹ̀. Bí òṣèré yín bá máa dúró ti ẹni tó wọ aṣọ Picard, pupa òun dúdú tó ní àmì wúrà kéékèèké 4 lọ́rùn, ọdún 22 tó wà láàárín àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀.

Aṣọ rírà

Ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà tó ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú òṣómàáló ni, ẹni tó ń ta aṣọ níbẹ̀ kò ní í bínú pé ẹ fọwọ́ kan ọjà òun kí ẹ tó dá owó lé e. Ẹ béèrè gabardine tí wọ́n fi ń rán súùtù. Ẹ fún etí rẹ̀ mọ́ inú ọwọ́, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Èyí tó bá rún tí kò padà bọ̀ sípò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má ra aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà rárá, torí iwájú kóòtù yìí wúwo, aṣọ tó ń fà yóò máa gùn sí i bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń dúró pẹ́.

“Wáìnì” ni ẹ máa pe àwọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n wáìnì pọ̀. Èyí tó sún mọ́ pupa la fẹ́, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ àwọ̀ ẹlùú. Ẹ gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Iná gílóòbù máa ń tan ojú jẹ.

Fún obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íńṣì 38, tí kóòtù rẹ̀ máa gùn tó íńṣì 28, tí fífẹ̀ aṣọ sì jẹ́ íńṣì 58 sí 60, ohun tí ẹ máa rà nìyí:

aṣọ wáìnì, yáàdì 2¾
aṣọ dúdú fún ṣòkòtò, yáàdì 1½
aṣọ funfun tó nípọn bíi wáìnì náà, yáàdì 1
aṣọ inú, yáàdì 2
gumstay (aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró), yáàdì 2, àti hardstay (èyí tó le jù ú lọ) díẹ̀
bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ ńlá, 10, àti bọ́tìnì pẹlẹbẹ 1
páàdì èjìká tó nípọn tó ìdajì íńṣì, méjì
ríbọ́ọ̀nù pupa fún ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò, ìdajì íńṣì ní fífẹ̀, yáàdì 2½

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ rẹ aṣọ wáìnì sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé èkísà funfun tí omi wà lára rẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Tí aró bá jáde sára èkísà, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i títí yóò fi dẹ́kun. Aṣọ funfun ni yóò wà ní ìdí iwájú kóòtù yìí, òógùn ara sì ń ṣe iṣẹ́ omi. Ẹni tó bá fo èyí, lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́ ni yóò rí i tí funfun ti di píǹkì.

Pátáànù àti gígé

Ẹ fi íńṣì 4 kún àyà, ìbàdí àti ìdí, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Àyà 38 á wá di 42, ìdá kan á jẹ́ íńṣì 10½. Ẹ ya ẹ̀yìn àti apá bí ẹ ṣe ń ya ti súùtù obìnrin. Ní ti iwájú, ẹ ṣe sùúrù.

Iwájú méjì ni, wọn kò sì jọra. Èyí tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹni tó wọ̀ ọ́, ó kọjá àárín àyà, ó sì lọ parí sí apá ọ̀tún. Láti yà á, ẹ ya gbogbo iwájú sórí bébà kan tí ẹ kò ká, ọ̀tún àti òsì. Ẹ wá fa ìlà etí rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Kí ìlà náà bẹ̀rẹ̀ ní agbede méjì èjìká ọ̀tún, bí íńṣì 5½ sí àárín; kó jẹ́ 6½ ní àyà, 5 ní ìbàdí, 5 ní ìsàlẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìlà náà, ẹ gé e dànù. Iwájú ìsàlẹ̀ kéré: láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé íńṣì 2 kọjá àárín. Àwọn méjèèjì ló máa ní dáàtì àyà, torí láìsí dáàtì, iwájú òkè yóò le gbagidi bíi pákó lára obìnrin.

Ẹ fi ìdajì íńṣì sílẹ̀ fún rírán yíká, íńṣì 1 ní ẹ̀gbẹ́ kí àyè ìtúpalẹ̀ lè wà, àti 1½ ní ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé iwájú òkè, ẹ má ká aṣọ. Ẹ tẹ́ ẹ ní ẹyọ kan, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ gbé pátáànù lé e kí ojú òun náà kọ sókè. Ihò apá tó pé gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, etí tí ẹ fa ìlà sí kó wà ní òsì. Tó bá jẹ́ òdìkejì, kóòtù yóò máa ṣí láti òsì, kò sì sí àtúnṣe mìíràn ju kí ẹ padà sọ́jà lọ. Fún aṣọ funfun tó máa wà ní ìdí rẹ̀, òdìkejì yìí gan-an ni kí ẹ ṣe: ẹ dojú pátáànù dé. Kó fẹ̀ tó íńṣì 8 láti etí wọ inú, láti èjìká dé ìsàlẹ̀, kó lè jẹ́ pé nígbà tí òṣèré bá ṣí kóòtù sílẹ̀, funfun náà nìkan ni yóò hàn. Funfun ni àwọ̀ àwọn ọ̀gá nígbà náà. Ẹ̀ka mìíràn ní àwọ̀ tiwọn, torí náà ẹ má fi àwọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Gumstay

Ibí ni kóòtù tí ń di kóòtù. Gbogbo iwájú òkè, etí ọrùn, okùn èjìká àti báńdì apá ló máa gba gumstay. Ẹ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ojú kan, ẹ ka ení dé ẹwàá tàbí méjìlá, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tẹ ibòmíràn. Ẹ má wọ́ ọ káàkiri bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Wíwọ́ ló ń jẹ́ kó léròrò, èròrò náà kì í sì í hàn lọ́jọ́ náà. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Tí iná kò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣe é, ó tilẹ̀ wúwo tó bó ṣe yẹ. Ẹ kàn gbọn eérú rẹ̀ síta, ẹ fi èkísà tútù nu ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó tutù lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e.

Rírán

Dáàtì ló ṣáájú, lẹ́yìn náà èjìká. Báńdì funfun ara apá òsì jẹ́ íńṣì 1½ ní fífẹ̀, íńṣì 3 sókè ọrùn ọwọ́. Ẹ rán an mọ́ apá kí ẹ tó pa apá náà dé, torí ẹni tó bá pa apá dé tán kó tó ki báńdì bọ̀ ọ́, báńdì náà yóò wọ́. Okùn èjìká jẹ́ funfun, íńṣì 2 ní fífẹ̀, 9 ní gígùn, èjìká ọ̀tún nìkan ló sì wà. Ẹ rán an pa ní ẹ̀yìn, kí iwájú rẹ̀ máa ṣí, torí abẹ́ rẹ̀ ni iwájú òkè máa ń wọ̀ sí.

Bọ́tìnì àtẹ̀mọ́: 2 sábẹ́ okùn èjìká, 8 tó kù láti àyà dé ìsàlẹ̀, kí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi hardstay íńṣì 1 níbùú lóròó sí, kó má baà fa aṣọ ya. Ẹ kọ́kọ́ rán gbogbo èyí tó ní orí sórí iwájú ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òṣèré wọ kóòtù, kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun orí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ da iwájú òkè bò ó bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì tó bá hàn lára funfun ni ibi tí ìkejì rẹ̀ máa wà. Téèpù kò lè bá yín rí ojú ibẹ̀ tó báyìí, torí ọmú ń gbé aṣọ sókè.

Tí iwájú bá ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ parí, bọ́tìnì pẹlẹbẹ yẹn ni oògùn rẹ̀. Ẹ rán an sí inú, ní ẹ̀gbẹ́ òsì níbi ìbàdí, kí ẹ fi okùn kékeré sí etí iwájú ìsàlẹ̀ láti fi há a. Á wá jẹ́ pé iwájú ìsàlẹ̀ ló ń gbé òkè ró, èjìká á sì sinmi.

Aṣọ inú ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó mọ ní ìbàdí. Ooru wa kì í ṣe ti ọkọ̀ òfúrufú, ẹni tó bá sì máa dúró lábẹ́ iná ìtàgé ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ní oṣù kẹta yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Sínglẹ́ẹ̀tì òwú tí ọrùn rẹ̀ rọra lọ sílẹ̀ ni kó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí kò ní yọ síta.

Àmì àyà àti àmì ipò

Àmì orí ọfà wà ní àyà òsì. Àmì ipò wà lára okùn èjìká àti báńdì apá. Ẹ da ìwé lé ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yà wọ́n láti inú ìpín náà. Íńṣì 2 ní gíga tó fún ti àyà. Fóòmù líle bíi ti ìdí sílípáàsì, tó nípọn tó mílímítà 3 sí 5, dára: ẹ fi abẹ tuntun gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí abẹ tó kú máa ń jẹ etí rẹ̀. Ẹ fi gúlúù funfun tí káfíńtà ń lò kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó gbẹ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fín ọ̀dà wúrà sí i. Láìsí gúlúù, fóòmù yóò mu ọ̀dà náà, á sì ṣókùnkùn. Gúlúù alápò méjì tí à ń pò pọ̀ ni kí ẹ fi lẹ pínnì mọ́ ẹ̀yìn, kó sùn mọ́jú.

Ojú ogun ni Garrett ti ń bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kùn ún sí ìgbúnwọ́, ìsàlẹ̀ kóòtù àti èjìká òsì. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ara funfun ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, torí ibẹ̀ kò ní í ṣeé pa rẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ yọ gbogbo pínnì kúrò ṣáájú, torí ìpẹtà wọn kì í jáde lára funfun. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fún un. Ẹ fi háńgà tó fẹ̀ ní èjìká kọ́ ọ, kí ẹ pa bọ́tìnì òkè méjèèjì dé kó tó gbẹ.