Bí mo ṣe fi síríńjì ṣe sọ́sípẹ́ńṣọ̀n ṣáásí mọ́tò ọjọ́ iwájú

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yàwòrán ṣáásí, ìyẹn egungun ìsàlẹ̀ mọ́tò, fún mọ́tò oníná kan, pẹlẹbẹ ni, inú ẹ̀ ni bátìrì tẹ́ sí. Bátìrì yẹn wúwo gan-an, ẹ sì mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ wa nígbà òjò, sọ́sípẹ́ńṣọ̀n, ohun tó wà láàrin táyà àti ṣáásí tó ń gba kòtò mọ́ra, ni olórí iṣẹ́ níbẹ̀. Mo wá ní kí n ṣe igun táyà kan kí n fojú ara mi rí i.

Citroën DS ni mo wò, mọ́tò táwọn ará Faransé gbé jáde ní 1955, kò lo sípíríìngì irin, ọ́ìlì àti gáàsì náítírójìn inú bọ́ọ̀lù irin ló ń gbé e.

Wẹ́dà kan nítòsí South Gate FUTA bá mi gé irin, ó jó o di apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ṣáásí, a de táyà báíkì ọmọdé mọ́ ọn. Mo gbé síríńjì ńlá dúró láàrin apá ìsàlẹ̀ àti ṣáásí, rọ́bà dírípù ló so ó mọ́ ìgò kọfí kan tí mo ti bàlúùnù tí mo fẹ́ atẹ́gùn sí bọ̀, mo wá fi ọ́ìlì búrékì kún ìyókù. Ọ́ìlì búrékì o, ẹ má lo ti ẹ́ńjìn, ó máa ń jẹ rọ́bà bàlúùnù. Ẹ sì blíìdì ẹ̀ dáadáa, ìyẹn kí ẹ lé atẹ́gùn kúrò nínú ọ́ìlì, bí mẹkáníìkì ṣe ń blíìdì búrékì.

Mo tẹ̀ ẹ́, táyà kàn ń fò sókè sódò ni. Mo gé rọ́bà tíúbù kékeré, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò tín-ín-rín sí i, mo fi dí ẹnu ìgò. Há! Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó rọra lọ sílẹ̀, ó padà wá, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ihò yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ní láti fún ara ẹ̀ kọjá níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù, mo gbé òkúta lé ṣáásí, ó rì, mo wá fi síríńjì kejì ti ọ́ìlì kún un, ó gbé òkúta yẹn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ṣì rọ̀ lábẹ́ ọwọ́! Èrò ì báà kún mọ́tò, ìdí ẹ̀ ò ní gbálẹ̀.

Ẹ́ńjìn oníná, mi ò fi sínú táyà, orí ṣáásí ni mo fi sí, torí táyà tó bá wúwo kì í lè tètè tẹ̀lé kòtò.

Mercedes gbé sọ́sípẹ́ńṣọ̀n tí kámẹ́rà ń bá a wo ọ̀nà jáde ní 2013, ó dáa, àmọ́ kòtò tí omi pupa ti kún, kámẹ́rà wo ló máa rí ìsàlẹ̀ ẹ̀? Sẹ́ńsọ̀ ni mo máa fi sí apá kọ̀ọ̀kan, táyà bá ti rì kó sọ fún pọ́ǹpù tó máa ṣe iṣẹ́ síríńjì kejì yẹn lójú ẹsẹ̀. Irin fún igun táyà mẹ́ta tó kù ti wà lọ́dọ̀ wẹ́dà.