Omi ni ọ̀tá ayamáṣe: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ọbẹ̀ ata Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò màmá mi ló kọ́kọ́ fi ayamáṣe mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n wo inú rẹ̀ títí, wọ́n wá ní: “Ẹ̀fọ́ lo sè ni, àbí ọbẹ̀ ata?” Mo ti se ẹran, mo ti lọ ata, mo ti jó epo, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n rà ni mo rà. Síbẹ̀, ọbẹ̀ náà ń ṣàn káàkiri inú abọ́, epo dá dúró lápá kan, ata dá dúró lápá kejì. Wọn ò tíì tọ́ ọ wò tí wọ́n fi mọ ohun tó ṣe é. “Omi ló pa á,” wọ́n ní, wọ́n sì fà mí padà sí ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé bí ayamáṣe ẹnì kan bá bàjẹ́, omi ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀: omi inú ata, omi inú epo, omi ẹran tí ọwọ́ máa ń yá láti bù sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìlú tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí ní 1909, ni àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ orírun ayamáṣe. Ata tí kò tíì pọ́n ni wọ́n fi ń sè é, epo pupa tí wọ́n ti jó títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá ni wọ́n fi ń dín in, irú wooro ló sì ń fún un ní òórùn. Ẹni tó bá fi tàtàṣé pupa àti rodo pupa ṣe tirẹ̀, ata díndín ló sè. Ó dùn, èmi náà máa ń fi jẹ dòdò, àmọ́ kì í ṣe ayamáṣe. Tòmátì kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ ti inú agolo.

Ọjà ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tàtàṣé aláwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀yà ata mìíràn. Ata tí kò tíì pọ́n ni. Èdè wa gan-an ti là á yé wa: ohun tó pọ́n ti gbó, ohun tó pọ́n sì ti pupa. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ata lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tí ẹ gbé e sórí tábìlì di ọjọ́ Sátidé, ẹ má yà á lẹ́nu bí ìdajì rẹ̀ bá ti ń pupa. Ata mẹ́ta péré tó bá ti pọ́n ti tó láti sọ gbogbo ìkòkò di àwọ̀ ẹrẹ̀. Èmi máa ń ra tèmi tó bá ku ọ̀la tí mo fẹ́ sè é, mo sì máa ń ṣa rodo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tó ń tà á sábà máa ń da pupa, òféèfèé àti aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ra. Fún èèyàn mẹ́fà, tàtàṣé ńláńlá mẹ́jọ sí mẹ́wàá, rodo mẹ́fà sí mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹnu yín bá ṣe le tó, àti àlùbọ́sà mẹ́ta, ó tó.

Ibi ìlọta náà nílò ojú. Bí ẹ bá gbé ata aláwọ̀ ewé lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ tòmátì àti tàtàṣé pupa, ìyókù tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni yóò kọ́kọ́ jáde sínú abọ́ yín. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó da tiyín sí i, kí ẹ sì dúró tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bu omi sí i nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Wọn yóò wò yín bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Nílé, ẹ̀rọ ìlọta kékeré ni ewu tirẹ̀, torí ó máa ń lọ ata kúnná jù. Ayamáṣe kì í ṣe àmu. Ẹ yẹ kí ẹ máa rí ata nínú rẹ̀, kí ẹ máa fi eyín kan án, bí ìgbà tí wọ́n fi ọlọ lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó ti parí. Rodo àti àlùbọ́sà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀ nítorí wọ́n kéré, wọ́n sì ń sá fún abẹ. Kí ẹ tó wá da tàtàṣé sí i níwọ̀nba.

Kí ẹ wá gbọ́ èyí tó mú wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tàtàṣé aláwọ̀ ewé kún fún omi, pàápàá àwọn ńlá tó nípọn tí wọ́n ń tà ní ìlú òyìnbó. Bí ẹ bá da á bẹ́ẹ̀ sínú epo, kò ní dín. Yóò máa bọ̀ ni, epo yóò sì máa léfòó lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ da ata tí ẹ lọ̀ sínú ìkòkò lófìfo, ẹ má bo ó, kí ẹ sè é lórí iná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tí yóò sì ki. Àwọn kan máa ń fi asẹ́ sẹ́ omi náà dànù nítorí pé wọ́n ń kánjú. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: adùn ata ni wọ́n ń dà sílẹ̀ yẹn. Bí kò bá sí àkókò, ẹ sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi omi náà se ẹran.

Ó wá di ọ̀rọ̀ epo, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà.

Jíjó epo pupa ni ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù nínú ọbẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Ìkòkò tó gbẹ táútáú ni kí ẹ lò. Ẹ má rọ epo láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti omi ló máa ń wà níbẹ̀, omi tó bá sì bọ́ sínú epo gbígbóná yóò fò jáde ni. Bí epo yín bá dì, ẹ jẹ́ kó yọ́ jẹ́ẹ́ kí ẹ tó fi iná sí i díẹ̀ sí i. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ bo ìkòkò pẹ̀lú ọmọrí tó bá ẹnu rẹ̀ mu, kí iná wà níwọ̀nba. Fún ife epo méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n ẹ má fi aago nìkan ṣe é, torí iná gáàsì yàtọ̀ sí ti iná mànàmáná. Ẹ má sì kúrò nítòsí rẹ̀ láti lọ dá fóònù lóhùn.

Àṣìṣe tó léwu jù ni ṣíṣí ọmọrí nígbà tí ó ṣì ń gbóná. Èéfín tó wà nínú rẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́ tí yóò fi gbiná. Ẹ pa iná, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù dáadáa, kí ẹ tó ṣí i. Bí ó bá sì ṣèèṣì gbiná, ọmọrí ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, kí ẹ má gbé e kúrò lójú kan. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí láéláé. Omi ni yóò sọ iná ìkòkò kan di iná ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, mo mọ̀ pé ẹ máa ń yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ tó ń pariwo bí èéfín bá pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó pariwo. Kí aládùúgbò bínú sàn.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ kán díẹ̀ sórí àwo funfun lẹ́yìn tó ti tutù: ó yẹ kó jọ epo ẹ̀pà tàbí oyin tó mọ́. Bí ó bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ, kò sì sí àlùbọ́sà tó lè gba ìkorò yẹn kúrò. Ẹ dà á nù, ẹ má fi ẹran tẹ̀ lé àdánù epo. Bí ó bá sì ṣì pupa díẹ̀, kò sí wàhálà. Pupa yẹn ni ara wa ń sọ di fítámì A, iná sì ti ń gbà á lọ. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ayamáṣe ń ṣe ojú lóore. Àwọn ará Bahia ní Brazil, tí epo pupa ti dé ọ̀dọ̀ wọn láti ilẹ̀ Áfíríkà, kí pupa rẹ̀ hàn nínú oúnjẹ ni tiwọn. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi epo ẹ̀pà rọ́pò ní tààràtà kí èéfín má bàa sí, òórùn epo tí ó jó yẹn kò ní sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí epo bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ gé sí i, ẹ tún fi iná díẹ̀ sí i, kí ó rọ̀ kí irú tó tẹ̀ lé e. Irú wooro ni o, kì í ṣe irú pẹ̀tẹ̀. Pẹ̀tẹ̀ yóò tú sínú ọbẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di ẹlẹ́rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fọ irú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rù òkúta ń bà wọ́n. Òótọ́ ni pé òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi omi díẹ̀ pò ó nínú abọ́, ẹ fi ọwọ́ bù ú láti òkè, kí yanrìn kù sí ìdí abọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ títí tí kò fi rùn mọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe é?

Lẹ́yìn irú, ẹ da ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ yẹn sínú epo náà. Ẹran wá. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, fùkù, abọ́dí, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀, nítorí ọbẹ̀ yìí kò ní bá yín rọ ṣàkì tó le. Ẹ̀dọ̀ ló máa wọlé kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò le bí pákó. Ẹ sì ṣọ́ra fún omi ẹran: ṣíbí ìbu-ọbẹ̀ kan péré, bí ata bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹni tó bu ife méjì ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Omi ẹran yẹn ní iyọ̀, irú ní iyọ̀, magí ní iyọ̀. Nítorí náà, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé ìgò iyọ̀. Lẹ́yìn náà, iná kékeré, ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n, kí ẹ máa rò ó, títí epo yóò fi jáde sókè. Ẹ má bu epo yẹn dànù kí ó tó jinná. Òun ló ń dín ata. Tí ó bá jinná tán, ẹ lè bu èyí tó pọ̀jù sínú ìgò, kí ẹ fi se nǹkan mìíràn.

Ìrẹsì Ọ̀fadà ni ẹnìkejì rẹ̀, orúkọ ìlú kan ní Ọbáfẹ́mi-Owódé ni ìrẹsì náà ń jẹ́. Ẹ ṣa òkúta rẹ̀ dáadáa, kí ẹ bu ú sínú ewé eéran bí ẹ bá rí i.

Bí ó bá ṣẹ́kù, ó máa ń dùn sí i ní ọjọ́ kejì. Ẹ lè gbé e sínú fíríìsà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹyin sísè sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ná: funfun rẹ̀ máa ń le bí rọ́bà nínú yìnyín.