Ìwé Pẹlẹbẹ Kan Nípa Gánà Tí Mo Sanwó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

₦38,000 ni mo kọ́kọ́ san fún ọgọ́ta ẹ̀dà ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé mẹ́jọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo gbé e wálé tí mo tún padà lọ san ₦31,000 lórí ìwé kan náà, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ agboolé nílùú yìí: òwò gbé àwọn bàbá wa dé Gánà láyé tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Tamale ni tiwa. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù wálé, àwọn díẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù yìí ni ẹgbẹ́ ọmọ agboolé fẹ́ fi bọ́ọ̀sì lọ kí. Wọ́n ní kí n kọ ìwé kékeré fún àwọn ọmọ tí kò débẹ̀ rí, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba níbẹ̀, ohun tó ń mówó wọlé àti àṣà wọn. Èmi ni tíṣà ilé. Ta ni wọn ì bá tún bẹ̀?

Ìtàn kò gbà mí lákòókò: òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1957, Nkrumah, àwọn ṣọ́jà, títí dé òfin ìlú ọdún 1992 tí wọ́n ń lò dòní. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ààrẹ ń lò, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni, kò sí sẹ́nétọ̀. Àbúrò mi kan kà á, ó ní mo gbàgbé àwọn gómìnà. Mo rẹ́rìn-ín. Gómìnà kò sí ní Gánà! Ààrẹ ló ń yan mínísítà tó ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìpínlẹ̀ tiwa, wọn kì í dìbò yàn án. Orí mi wú.

Ẹkùn yìí náà ló sì ṣe mí léṣe.

Mo kọ ọ́ pé ẹkùn mẹ́wàá ló wà. Inú ìwé tí mo fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́jọ ni mo ti bá a, mo mọ gbogbo wọn lórí. Mo ya máàpù sí ojú ewé 4 àti 5, mo to orúkọ wọn sí ojú ewé 3, mo gbé e lọ fún atẹ̀wé kan. Ọ̀gá náà tún un tẹ̀, ó sì gbọn gbogbo àmì ohùn mi dànù bí ẹni gbọn ekuru. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń fọ́ mi létí, tí mo ń sọ fún un pé, "Dá àmì sí abẹ́ ẹ yẹn." Mo rò pé ìyà yẹn ni yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni mo mú lọ fún Bàbá, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ti Tamale bọ̀. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n fi èékánná tọ ojú máàpù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Mẹ́jọ ni."

Mo ní, "Bàbá, mẹ́wàá ni."

"Ṣé ìwọ lo gbé Tamale ni, àbí èmi?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà lọ́rì ayé ìgbà yẹn: Salaga, Yeji níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ́rì kọjá, Atebubu, Ejura, Kumasi. "Yeji àti Atebubu, ẹkùn Brong-Ahafo nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ́ mi."

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dìjà, mo ya fọ́tò máàpù náà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n bí sí Tamale, tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ohùn tó fi dá mi lóhùn. "Àbúrò mi, Brong-Ahafo ti dìtàn. Mẹ́rìndínlógún ni wá báyìí."

Ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta kò parọ́. Lọ́dún 1969 tí Bàbá kó wálé, mẹ́jọ ni. Wọ́n yọ Greater Accra sọ́tọ̀ ní 1982, wọ́n pín Upper sí méjì ní 1983, ó di mẹ́wàá tèmi. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 2018, àwọn ará ibi tọ́rọ̀ kàn dìbò pé àwọn fẹ́ ẹkùn tuntun mẹ́fà, ó sì di òtítọ́ ní 2019. Brong-Ahafo fọ́ sí mẹ́ta: Bono, Bono East àti Ahafo. Wọ́n gé Savannah àti North East lára Northern, Oti lára Volta, Western North lára Western. Yeji àti Atebubu ti bọ́ sí Bono East, Salaga sì ti di ti Savannah. Kintampo tí bọ́ọ̀sì wa máa gbà kọjá gan-an, Bono East ni. A fẹ́ gba ibi tí kò sí lórí máàpù mi lọ!

Mo sáré padà sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ó ní àfi kóun tẹ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, ó ní ojú ewé wọnú ara wọn. Mo bẹ̀, mo bínú, mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo yọ píìnì ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́ ni mo tó rí i pé bébà méjì péré ni ìwé olójú ewé mẹ́jọ. Ojú ewé 3, 4, 5 àti 6 ló wà lórí bébà ti inú. Bébà inú nìkan ni kí n tún tẹ̀, kí n sì fi èyí tó wà lóde bò ó padà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ irú ìwé yìí, ẹ tú u wò kí ẹ tó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹ sì pe ẹni tó ń gbé ìlú tẹ́ ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Bí mo ṣe ti kó sí gbèsè, mo kúkú tún ọ̀rọ̀ owó wọn ṣe dáadáa. Mo kọ ọ́ pé inú orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Akan ń pe owó ẹyọ ni "cedi" ti wá, pé ní 2007 wọ́n gé òdo mẹ́rin lára rẹ̀, tí 10,000 ti tẹ́lẹ̀ di 1. Mo kọ nípa wúrà, epo rọ̀bì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2010, àti kòkó tó jẹ́ pé ìjọba ló ṣì ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò tà á, nígbà tí bọ́ọ̀dù kòkó tiwa ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 1986.

Apá àṣà ni mo fi ń yangàn. Obìnrin kan wà ní agboolé wa tí wọ́n ń pè ní Akua láti kékeré. Ìgbà tó ka ìwé mi ló tó mọ̀ pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ní Ọjọ́rú ni àwọn Akan ń pè bẹ́ẹ̀, pé Ọjọ́rú ni wọ́n bí òun. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní "alata samina" lọ́hùn-ún náà wà níbẹ̀: àwa Yorùbá ni "alata" yẹn.

Bàbá gba ẹ̀dà tuntun, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ mẹ́jọ ni.

Akápò ẹgbẹ́ ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo mú méjèèjì lọ. Ó ní ìwé kan ni ẹgbẹ́ rán mi, rìsíìtì kan làwọn máa san. ₦31,000 ló mú.