Iyùn Inú Òkun Tó Funfun: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Wa Létí Òkun Florida

Iyùn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Ẹran omi ni, kéékèèké tó pọ̀ lọ súà, tí wọ́n so mọ́ra, tí wọ́n ń fi ohun tó dà bí ẹfun kọ́lé sábẹ́ ara wọn. Inú ẹran ara wọn ni ewéko tíntìntín kan ń gbé, tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Oúnjẹ tí iyùn ń rí gbà níbẹ̀ lè tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ewéko yìí náà ló fún un láwọ̀.

Bí omi bá fi 1°C péré gbóná ju bó ṣe máa ń rí lóṣù tó gbóná jù lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewéko náà á di májèlé sí onílé rẹ̀ lára. Onílé á lé e jáde. Ara iyùn fúnra rẹ̀ mọ́ gaara. Bí ayálégbé bá ti lọ, ẹfun abẹ́ rẹ̀ lojú ń rí. Ebi ni funfun yẹn, kò tíì di ikú. Bí omi bá tètè tutù, ewéko á padà.

Ní oṣù Keje 2023, ẹ̀rọ kan tó ń wọn ooru omi ní Manatee Bay, ní gúúsù Florida, ka 38.4°C. Omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun nìyẹn! Lóòótọ́, omi ibẹ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n òkun tó yí i ká náà gbóná kọjá ààlà. Àwọn tó ń gbin iyùn sáré kó o jáde sínú ọpọ́n omi lórí ilẹ̀. Èyí tó yà bí ìwo àgbọ̀nrín, tó ti ń dín kù tẹ́lẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Àárín iyùn ni ẹja àti alákàsà ń sá pamọ́ sí. Iyùn náà ló ń ṣẹ́ ìgbì lápá kó tó dé ẹnu ọ̀nà yín nígbà ìjì.

(Iyùn pupa ọrùn ìyàwó ńkọ́? Ẹ̀yà mìíràn nìyẹn, láti òkun Mẹditaréníà. Kò ní ewéko nínú, nítorí náà kì í ṣàìsàn yìí.)

Ẹ má da ajílẹ̀ sórí koríko iwájú ilé nígbà òjò. Ọ̀gbàrá á gbé e dé òkun, á sì bọ́ ewé tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ iyùn. Ṣaláńgá tó ń jò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ju ìdákọ̀ró sórí iyùn. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù funfun onílà búlúù tó léfòó. Bí ẹ bá ń wọ òkun, ẹ̀wù alápá gígùn dára ju ìpara oòrùn tó ń ṣàn sínú omi lọ. Gbogbo èyí kò ní mú òkun tutù o, èéfín epo tí ayé ń jó ló ń mú un gbóná. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan kì í fẹ́ ẹrù kún ẹrù.

Bí ẹ bá rí èyí tó funfun, ẹ wò ó dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹran ara tó mọ́ gaara bá ṣì bo ẹfun náà, ó wà láàyè. Bí ewé aláwọ̀ ilẹ̀ bá ti hù bò ó bí irun, ó ti kú. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí BleachWatch, ètò tó ń ṣọ́ iyùn tó ń funfun, ti ilé ìwádìí òkun Mote Marine Laboratory. Bí ẹ kò bá rí funfun kankan, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn.