Ọ̀ṣun oní-h: bí mo ṣe kọ́ àwọn èèyàn wa láti máa wá ìwé

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti wá a títí, kò sí nǹkan kan lórí Ọ̀ṣun."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún ìkẹyìn kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nídìí tábìlì mi ní láíbìrì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ohun tó tẹ̀ sínú Google. "Osun" ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gómìnà ló kún ojú fóònù náà, ìdìbò, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni ìròyìn ìpínlẹ̀ ti ń bo odò àti òrìṣà tó ni orúkọ mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn ọ̀gá ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì àti àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì wa bí wọ́n á ṣe máa wá ìmọ̀ tí wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ogójì, òṣìṣẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ kìíní, mo bà á jẹ́. Slide mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti tò sílẹ̀. Orí Paul Zurkowski, ará Amẹ́ríkà tó fún irú ẹ̀kọ́ yìí ní orúkọ "information literacy" ní 1974, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka ìlànà, mo ka ìtumọ̀, mo tún ka ìlànà. Kí n tó dé slide kejìlá, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ti gbé orí lé tábìlì. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti òṣìṣẹ́ tiwa kan tó ń hanrun.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pa slide tì. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá Ọ̀ṣun yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ lọ́la. Ó gbà.

A ò tíì jókòó dáadáa lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni kò sí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "Ọ̀ṣun" gàdàgbà sáàárín pátákó, mo ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà kọ orúkọ yìí. Ẹnì kan ní "Osun". Ẹnì kan ní "Ọṣun" láìfi àmì ohùn sí i. Gbogbo wọn dákẹ́. Ni bàbá tó ń tọ́jú àpótí káàdì wa, káàdì tí à ń fi wá ìwé kí kọ̀ǹpútà tó dé, tó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Káàdì, bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn:

"Ẹ ò tíì dárúkọ Oshun oní-h."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ fa dúrọ́ọ̀ kan yọ nínú àpótí onígi tí a ti sọ di ibi tí à ń gbé kúlà omi lé. Wọ́n gbé e wá síwájú, wọ́n fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò ṣí káàdì náà bí ẹni ń ka owó. Lábẹ́ "Osun", káàdì kan. Lábẹ́ "Oshun", mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ti pọ́n, báírò ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà rẹ̀.

"Àwọn tó ń kọ ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, sh ni wọ́n ń lò," ni wọ́n wí. "Oshogbo. Ilesha. Ogbomosho. Bó o bá ń pe ìwé wọn ní Osogbo, kò ní dá ẹ lóhùn."

Mo gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé òrìṣà náà dání lọ, àwọn tó ń fi èdè Sípáníìṣì kọ ọ́ sọ ọ́ di Ochún. Ní Brazil, èdè Potogí sọ ọ́ di Oxum. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ ní ìlú méjèèjì yẹn pọ̀, ẹni tó bá ń tẹ "Osun" nìkan ò ní fojú kàn án láé. Orúkọ mẹ́fà ló wà lójú pátákó nígbà tí a ṣe tán. Ọmọ tó ní kò sí nǹkan kan ń ya fọ́tò rẹ̀.

Iná dé lẹ́yìn aago méjìlá. A tẹ "Ọ̀ṣun" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gù orí kọ̀ǹpútà wa: òdo. A yọ àmì kúrò: ìwé méje. Mo ṣàlàyé ohun tó fà á. Ẹnì kan á fi àmì róbótó kékeré sábẹ́ o, ẹnì kan á fi igi kékeré síbẹ̀. Lójú èèyàn, nǹkan kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí o bá sì tún gbé àmì ohùn lé ọ, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un nínú kọ̀ǹpútà, ṣe ni wọ́n ń so wọ́n pọ̀. Ẹni tó kó ìwé wọlé àti ẹni tó ń wá a lè má so ó bákan náà. Nítorí náà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ jà pé wọn kì í fàmì sórí Yorùbá ni mò ń sọ báyìí o. Ó ká mi lára.

Lẹ́yìn ìyẹn a to àwọn orúkọ náà sínú Google Scholar, ẹ̀ka Google tó wà fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀, a fi OR oní-lẹ́tà ńlá sáàárín wọn, a kọ "festival" tẹ̀ lé e. Ní Google lásán, a lẹ àmì ìyọkúrò mọ́ "governor" níwájú, kò sí àlàfo láàárín wọn, gómìnà sì kúrò lójú ọ̀nà. Mo fi "Cited by" tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó tọ́ka sí i, tí èèyàn fi lè gba ara iṣẹ́ àtijọ́ dé ara tuntun. A dé AJOL (African Journals Online), tó ti wà láti 1998, níbi tí àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí. Nígbà tó yá a dìde lọ sí ìdí ṣẹ́ẹ̀fù. Nínú nọ́ńbà tí à ń fi to ìwé, BL2480 ni ẹ̀sìn Yorùbá wà, PL8821 ni èdè, DT515 ni ìtàn Nàìjíríà: ibi mẹ́ta ni Ọ̀ṣun fara pamọ́ sí nínú ilé kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin kan kó ìwé ìtọ́kasí méjìlá wá, ó ní AI ló bá òun tò ó. Ó tò dáadáa lóòótọ́, kọ́mà ò ṣì síbì kan. Mo ní ká ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A tẹ doi.org/, a fi DOI ti ẹ̀kẹta, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ, tẹ̀ lé e, wọ́n ní kò sí. A lọ sí ojú ewé jọ́nà náà fúnra rẹ̀. Jọ́nà wà, òǹkọ̀wé wà, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí wọ́n dárúkọ, àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn lórí iṣu ló wà níbẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Márùn-ún nínú méjìlá ni a ò rí níbì kankan. Kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, ẹni tó bi léèrè ló parọ́ fún un. Mi ò ní kó má lo AI mọ́. Mo ní èyí tí kò bá tíì ṣí kà, kó yọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́. Mo ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, mo lọ dúró níwájú tábìlì ìbéèrè: "Mo ń wá ìwé lórí Ọ̀ṣun." Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ nawọ́ sí ṣẹ́ẹ̀fù. Èkejì ní, "Lọ wò ó lórí Google." Ó dé orí Bàbá Káàdì.

"Ọmọ mi, jókòó. Kí ni ọ̀gá yín ní kó o ṣe?"

Mo dáhùn pé pírọ́jẹ́ẹ̀tì ni.

"Ti odò ni, ti òrìṣà ni, àbí ti ọdún Ọ̀ṣun?"

Mo ní ti ọdún.

"Ti àtijọ́, àbí láti ìgbà tí UNESCO ti gba igbó náà wọlé?"

2005 ni UNESCO gba igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ kọ gan-an nìyẹn, bí ọdún náà ṣe yí padà láti ìgbà yẹn, àmọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi ń dààmú, kò sẹ́ni tó bi í, èmi náà ò bi í lọ́jọ́ tó wá bá mi pẹ̀lú fóònù.

A tẹ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kátálọ́ọ̀gù. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ ti fi báírò kọ Shango, Changó àti Xangô sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan kọ Ogun: ti òrìṣà, ti ìjà, ti odò, ti oògùn. Bàbá Káàdì ti fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ti ogún ńkọ́?"