Àṣìṣe tẹ́ ẹ máa ń ṣe lórí olú ọ̀gán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀

Ẹ kú òjò o. Láti ìgbà tójò ti ń rọ̀ l'Abẹ́òkúta yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé olú ọ̀gán nìyí, ṣé ká máa sè é?" Fìlà olú lásán ni mo máa ń bá nínú fọ́tò ọ̀hún, wọ́n á ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ nù sínú igbó. Kí lẹ fẹ́ kí n wò?

1. Ẹ má fọ̀bẹ gé e lókè ilẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Inú ilé ikán ni olú ọ̀gán ti ń hù wá, àwọn ikán ló ń tọ́jú ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń jẹ nínú ẹ̀, torí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn wọlẹ̀, á máa tínrín lọ bíi gbòǹgbò títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbòǹgbò yẹn lẹ̀rí! Lọ́jọ́ kan lápá Ọdẹ́dá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àdá wú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, apá mi wọlẹ̀ dé ìgúnpá kọ́wọ́ mi tó kan ìdí ẹ̀, gbòǹgbò yẹn dúdú, ó yi, ohun tá a bá nísàlẹ̀ rí jágajàga bí afárá oyin, ikán sì ń sá kíjokíjo lórí ẹ̀. Ìgbà yẹn lọkàn mi tó balẹ̀. Ká ní ohun tó dà bí èèpo ẹyin tó fọ́ la bá nídìí ẹ̀ ni, a ò ní mú un délé, torí àwọn kan nínú àwọn tó ń pààyàn máa ń ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. (Àwọn wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lọ súà lẹ́ẹ̀kan náà ò ní gbòǹgbò gígùn o, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi hàn yín.)

2. Ẹ má hú tinú koríko iwájú ilé. Funfun ńlá yẹn, tó ní òrùka lẹ́sẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ rí, kò pé wákàtí méjì tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi dá mi dùbúlẹ̀. Bó bá ṣì kéré, abẹ́ rẹ̀ á funfun, ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. Ẹ gé fìlà rẹ̀, ẹ da ojú abẹ́ rẹ̀ dé bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó di àárọ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó bá jábọ́, bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí funfun, kì í ṣe olú ọ̀gán. Tiẹ̀ máa ń ní àwọ̀ píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́.

3. Wọ́n máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fi àlùbọ́sà tàbí ṣíbí fàdákà sínú ìkòkò olú, á dúdú bí olú náà bá ní májèlé. Irọ́ ni o, àlùbọ́sà àti ṣíbí fàdákà ò mọ májèlé.

Pé ìgbín jẹ olú kan ò sọ pé kẹ́yin náà jẹ ẹ́.

Ti owó wá ńkọ́? Àwọn kan ń ta "irúgbìn olú ọ̀gán" fáwọn ọ̀dọ́, pé kí wọ́n gbìn ín sínú àpò tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun pákó kún. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa fi owó tó yẹ kó fi san rẹ́ǹtì rà á, oríṣi olú mìíràn tí wọ́n ń gbìn sínú ìyẹ̀fun pákó ló hù jáde. Ẹ gbọ́, láìsí ikán, olú ọ̀gán ò lè hù nínú àpò yín! Ó dùn mí débi pé mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má sì gbà pé téèyàn bá sè é pẹ́, májèlé á kúrò. Májèlé èyí tó ń pààyàn yẹn, iná ò ràn án. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún kó tó bẹ̀rẹ̀ inú rírun, lẹ́yìn náà ara á dà bí ẹni pé ó yá, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Inú bá ń run ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tó jẹ olú, kódà bó bá ti dẹwọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìyókù olú náà dání fún dókítà.